Afẹ́fẹ́ Nínú Páìpù

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó jẹ́ ká fọwọ́ kan sípánà.
Ọjọ́ kìíní, orúkọ la kọ́: èyí ni fíítà, èyí ni nọ́súlù,
èyí ni bẹ́líìtì, ẹ má jẹ́ kí ìbòrùn yín sún mọ́ ọn.
Ọjọ́ kejì, òkè ya lulẹ̀ sójú ọ̀nà Syangja,
olùkọ́ wa fẹsẹ̀ rìn láti ibi tí bọ́ọ̀sì ti kọ̀,
àpótí irinṣẹ́ léjìká, ẹrẹ̀ dé orúnkún.
Khadga lorúkọ rẹ̀. Ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ ku mẹ́ta.
Kò sọ ibi tí méjì yòókù lọ, a ò sì bi í;
a kàn ń rí i pé kì í nawọ́ sí bẹ́líìtì
àfi tó bá pa ẹ́ńjìnì tán,
tó sì tún dúró díẹ̀, bí ẹni ń ka àdúrà.

Obìnrin mọ́kànlá ni wá, lábẹ́ páànù ilé ìwé.
Àwọn ọkọ wa wà ní Kátà, ní Málésíà, ní Dùbáì,
wọ́n ń kọ́lé fún ẹni tí kò mọ orúkọ wọn.
Owó wọn la fi ra ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ náà.
Pupa ni. Ọkùnrin mẹ́rin ló fi èjìká gbé e gòkè
bí ìgbà tí wọ́n ń gbé ìyàwó wá nínú àga.
Ó túlẹ̀ fún ọdún kan ààbọ̀,
ó kọ̀.

Mo tì í sí ibùso màlúù. Adìẹ yé ẹyin mẹ́ta sábẹ́ rẹ̀.
Bí mo bá pe ọkọ mi lórí fóònù, a ní,
"Fà á dáadáa. O ò fà á dáadáa ni."
Mo fà á títí apá mi fi wú.
Màlúù méjì tí a tà lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ dé,
mo máa ń rántí èémí wọn lóru.

Lọ́jọ́ kẹta yẹn, gbogbo kíláàsì wá sílé mi.
"Ẹ̀rọ kì í ṣe èèyàn," ni Khadga wí, "kì í ṣorí kunkun.
Bó bá kọ̀, nǹkan ń ṣe é. Abèèrè kì í ṣìnà:
ṣé ó jẹun? Ṣé ó ń mí? Ṣé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ là?"
Sunkesari bú sẹ́rìn-ín: "O ní kì í ṣe èèyàn,
o tún ń bèèrè bóyá ó jẹun!"
Khadga náà rẹ́rìn-ín, ó fi ìka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nu imú.
Ó na sípánà sí mi.

Epo wà ní táǹkì. Mo tú fíítà afẹ́fẹ́:
eruku, ìyẹ́ adìẹ kan. Mo gbọ̀n ọ́n nù.
Mo dẹ nọ́ọ̀tì ẹnu páìpù epo, díẹ̀ báyìí,
mo sì ń fọwọ́ tẹ pọ́ǹpù.
Epo jáde. Ó ń hó bí omi ọṣẹ.
Afẹ́fẹ́! Afẹ́fẹ́ lásán ló jókòó sọ́nà oúnjẹ rẹ̀.
Ohun tí èmi ń mí sínú kí n má baà kú
ló há a lọ́fun láti ọjọ́ yìí.
Mo tẹ̀ ẹ́, ó hó, mo tẹ̀ ẹ́, ó hó,
títí epo fi ṣàn gbọọrọ, tí kò hó mọ́.
Mo dè é pa.

Mo fà á. Ó wúkọ́.
Mo tún fà á, adìẹ fò jáde,
ìró rẹ̀ sọdá àfonífojì, ó kan òkè kejì, ó padà wá bá wa.
Ẹ̀rọ tó le tó báyìí, àṣé ó ní ẹ̀rọ̀.
Ìyá ọkọ mi gbé agbọ̀n koríko sọ̀ kalẹ̀.
Kò sọ nǹkan kan. Ó wo ọwọ́ mi, dúdú dé ìgbọ̀nwọ́,
ó lọ bu eérú wá kí n fi fọ̀ ọ́.

Lálẹ́, mo pe Kátà.
Kí n tó sọ tèmi, ọkọ mi ti ń ráhùn:
ẹ̀rọ amúlétutù iyàrá wọn ti kú, ọjọ́ mẹ́rin rèé,
ooru fẹ́ pa wọ́n, ọ̀gá kò dáhùn.
Mo ní, "Ṣé ẹ ti tú fíítà rẹ̀ wò?"
Ó dákẹ́.
Mo ń gbọ́ èémí ọkùnrin mẹ́jọ nínú iyàrá kan.